Lẹ́tà ṣíṣí sí Gad Elmaleh: ẹ ṣí àpótí ọdún tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàwàdà fún wa

Sí Ọ̀gbẹ́ni Gad Elmaleh, adẹ́rìn-ín-pòṣónú, ọmọ Casablanca, ní ìlú Paris.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà pẹ̀lú, nítorí ẹni tó fi ẹnu wá oúnjẹ láti Casablanca dé Montréal, láti Montréal dé Paris, láti Paris dé New York, tó tún padà sí Paris, onítọ̀hún ti rìn.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, alága ìjókòó ni mí. Ẹ lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí àwa Yorùbá bá ń fọmọ fọ́kọ, ẹbí ọkọ á wá tọrọ ìyàwó, ẹbí ìyàwó á sì jókòó dè wọ́n. Obìnrin kan á ṣáájú ẹbí ọkọ wọlé, òun ni alága ìdúró. Òmíràn á gbẹnu sọ fún ẹbí ìyàwó, òun ni alága ìjókòó. Iṣẹ́ àwa méjèèjì ni ká kọrin, ká ki ènìyàn, ká gbowó, ká mú ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ kó sì dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ká má sì jẹ́ kí ẹ̀rín tán nínú gbọ̀ngàn fún bíi wákàtí mẹ́ta. Máìkì kan ló máa ń wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ìlú Ṣakẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí mi sí, London ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti ọdún 2009. Mo ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n nítorí pé ọdún 1971 ni wọ́n bí yín, ẹ sì ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kó pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Ní ọdún 2015, ẹ kó kúrò ní Paris níbi tí tọmọdé tàgbà ti mọ̀ yín, ẹ lọ sí New York níbi tí ẹ ti di ará ìta lásán, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é fún wa. Mi ò tọrọ ìtàn àwọn gbajúmọ̀ tí ẹ bá pàdé níbẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ gan-an ni mo ń tọrọ: gbólóhùn Faransé kan báyìí, ohun tó dà nígbà tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdí tí gbogbo ilé fi dákẹ́, ohun tí ẹ yí padà nínú rẹ̀, àti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá. Mo lè kọ lẹ́tà yìí ní Faransé, mo jókòó sórí àga ilé ìwé Faransé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ènìyàn mi, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó bá máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín á dé ibì kan nínú rẹ̀, á dúró, á fọwọ́ họrí, á wá ọ̀rọ̀ títí, kò ní rí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi.

Nílé wa ní Ṣakẹ́tẹ́, Yorùbá là ń sọ. Lọ́jà, ẹ ó gbọ́ èdè Gùn. Ní ilé ìwé, Faransé nìkan. Ilé ìwé tí mo lọ ní pákó kékeré kan tí wọ́n so okùn mọ́, signal ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá la ẹnu sọ èdè ilé rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì wà níbẹ̀ títí òun náà á fi mú ẹlòmíràn. Mo rántí ọjọ́ tó kàn mí. Ẹ̀rín ló fà á. Àga yẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ mi nídìí, ó ṣubú, mo kígbe pé “Yéè!”, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní Yéè kì í ṣe Faransé. Pákó náà kò wúwo rárá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ti ya, ó sì ń họ mí lọ́rùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá mí. Títí wọ́n fi jáde ilé ìwé lọ́jọ́ náà, mi ò mú ẹnikẹ́ni. Mo gbé e délé. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rín náà ní èdè tirẹ̀, kì í dúró gbàṣẹ kó tó sọ ọ́.

Ẹnubodè Nàìjíríà ò jìnnà sí wa. Eré Bàbá Sàlá, Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, a máa wọlé tọ̀ wá wá. Àwọn Gùn tó jẹ́ aládùúgbò wa ò gbọ́ Yorùbá dénú, ṣùgbọ́n tí Bàbá Sàlá bá ti yọ pẹ̀lú táì ràbàtà tó so mọ́rùn àti awò ojú gbàgìgbagi yẹn, wọ́n á ti máa di ìhà mú. Nígbà tí mo wá kà á pé bàbá yín a máa ṣe eré àìfọhùn ní Casablanca, eré tí ara nìkan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo ní háà, ibi tí ọwọ́ yín ti kọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Torí ọwọ́ yín ni mo kọ́kọ́ mọ̀.

Kútọnu ni, ní ọdún 2006. Àwa mọ́kànlá la há sínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan, à ń wo DVD kan tí ojú rẹ̀ ti ha. Ẹ ń ṣe ọkùnrin kan báyìí tí irun rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, Le Blond, ẹni tí gbogbo nǹkan rọ̀ lọ́rùn. Ó lọ sórí yìnyín, kò ṣubú, kò làágùn, aṣọ rẹ̀ kò rún. Ẹ̀yin tí ẹ jọ lọ ń bá bàtà àti igi tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín jà. Nínú àwa mọ́kànlá, kò sí ẹni tó tíì fojú rí yìnyín rí àfi èyí tó ń dì nínú fìríìjì. Ṣùgbọ́n a mọ ọkùnrin náà. Gbogbo wa ló ní i ní kíláàsì: ẹni tí ẹrẹ̀ kì í ta sí ṣòkòtò rẹ̀ nígbà òjò, tí páànù orí ilé wọn kì í jò. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Mo dá àwòrán náà padà sẹ́yìn, mo pa ohùn rẹ̀, mo tún un wò. Ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀. Mo lo ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, màá sọ ọ́ láìpẹ́.

Ohun kan wà tí mo ti ń rò nípa ìrìn yín. Ní Casablanca, láàárín àwọn Mùsùlùmí, Júù ni yín. Ọdún 1988, ẹ lọ sí Montréal ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ sì di ará Mòrókò níbẹ̀. Ọdún 1992, ẹ dé Paris, ẹ wọ ilé ẹ̀kọ́ eré Cours Florent, ará Mòrókò náà ni yín níbẹ̀, èyí tó wá láti Kánádà. Àkọ́kọ́ nínú eré tí ẹ dá ṣe, Décalages, ní ọdún 1997, ìrìnàjò yẹn gan-an ló dá lé. Ẹ wá lò tó ogún ọdún nílẹ̀ Faransé, fíìmù Chouchou jáde ní ọdún 2003, èrò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní ọdún 2007 wọ́n dìbò pé ẹ̀yin lẹ lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín jù ní gbogbo ilẹ̀ Faransé. Ẹ wá dé New York, ni wọ́n bá ní: Faransé yìí ti dé! Ibi tí ẹ bá dé, orúkọ ibi tí ẹ ti kúrò ni wọ́n fi ń pè yín.

Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ní London, ọmọ Nàìjíríà ni mí lójú àwọn òyìnbó. Lójú àwọn ọmọ Nàìjíríà, ará Kútọnu ni mí. Tí mo bá padà sí Ṣakẹ́tẹ́, wọ́n á ní ẹ wá wo ará London.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn ènìyàn yín, torí àwọn òǹkàwé mi kan rò pé ilẹ̀ Yúróòpù àti Ísírẹ́lì nìkan ni Júù ti wá. Àwọn Júù ti wà ní Mòrókò kí àwọn Lárúbáwá tó mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1948, wọ́n lé ní 200,000. Lónìí, ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ló kù, Casablanca ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà. Àwọn yòókù ti lọ sí Ísírẹ́lì, Faransé àti Kánádà. Síbẹ̀, nígbà tí Mòrókò tún òfin ìjọba rẹ̀ kọ ní ọdún 2011, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àṣà Hébérù wà lára ohun tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà. Ilé tó ti ń sọ Lárúbáwá Mòrókò àti Faransé, tó ń gbàdúrà ní Hébérù, lẹ ti jáde. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré pé ọ̀rọ̀ tó dùn ní yàrá lè kan ní pálọ̀.

Ìyẹn ló fi ń dùn mí dòní, ọ̀ràn Lẹ́bánónì ọdún 2009. Ẹ fẹ́ ṣeré níbi àjọ̀dún Beiteddine. Al-Manar, tẹlifíṣọ̀n Hezbollah, ẹgbẹ́ Lẹ́bánónì tó ń bá Ísírẹ́lì jà, gbé e sáfẹ́fẹ́ pé ẹ ti ṣe ológun Ísírẹ́lì rí. Àwọn tó ń ṣojú yín ní kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Eré náà kò wáyé mọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé mi: níbo lẹ tún ti máa rí gbọ̀ngàn tí èrò inú rẹ̀ gbọ́ Lárúbáwá, tí wọ́n gbọ́ Faransé, tí wọ́n mọ bí ìyá ṣe ń pariwo mọ́ ọmọ ní èdè méjèèjì nínú gbólóhùn kan ṣoṣo? Àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ jù ni kò gbọ́. Aláwàdà tó bá lọ sílẹ̀ òkèèrè, ìwé ìrìnnà rẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Tí ó bá wá jẹ́ Júù, àwọn kan á ti dájọ́ rẹ̀ kó tó gbé máìkì. Mo kà á sí ìwà ìkà sí àwọn òǹwòran náà, kì í ṣe sí ẹ̀yin nìkan.

Ó yá, New York. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nípa ìrìnàjò yẹn ni pé gbajúmọ̀ kan tí ilé kún fún owó lọ ṣe fàájì. Wọn ò mọ iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn, ẹ fojú fò ó tí ẹ bá fẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ wo ètò ọ̀rọ̀ lásán. Nínú àwàdà, ọ̀rọ̀ tó gbé ẹ̀rín dání gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Tí ó bá ṣáájú, ó ti bàjẹ́. Ká ní ẹ ń sọ̀tàn kìnnìún kan tó ń dẹ́rù ba gbogbo ẹranko inú igbó, tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé ní ìparí ni wọ́n máa mọ̀ pé kò léyín. Yorùbá á gbà fún yín: kìnnìún aláìléyín. Faransé náà á gbà: kìnnìún ló máa ń ṣáájú, àìléyín á tẹ̀ lé e. Ẹ dé Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Gẹ̀ẹ́sì á ti sọ àìléyín jáde kó tó dárúkọ kìnnìún. Aṣọ ti bọ́ kí ọba tó wọ̀lú. Ẹ ní láti tú gbólóhùn náà palẹ̀, kí ẹ tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn. Eré wákàtí kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ. Ní Paris, ẹ lè dárúkọ ilé ìtajà kan, olóòótú ìròyìn kan, súìtì kan tí gbogbo ọmọdé jẹ nígbà kan, kí gbogbo ilé sì wó lulẹ̀. Ẹ ò sọ àwàdà kankan, ẹ kàn rán wọn létí pé ẹ jọ dàgbà ni. Ní New York, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni dàgbà. Ogún ọdún ọ̀rọ̀ àjọmọ̀ ti ṣófo láàárín alẹ́ kan.

Èyí tó le jù ni ìwọ àti ẹ̀yin. Ẹ gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Peckham. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó, òyìnbó ọmọ Leeds ni ọkọ. Òyìnbó náà ti kọ́ Yorùbá fún oṣù mẹ́fà, ọmọ gidi ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo bàbá ìyàwó lójú, ó ní, “O káàsán, Dádì.” Ẹ̀yin òǹkàwé mi ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹbí ìyàwó fọ́n ká. Mo gbé máìkì, mo ní, “Dádì, ẹ rọra o, ọmọ yìí lóun àti ẹ̀yin lẹ jọ ṣe ilé ìwé.” Obìnrin kan bọ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí ibi rẹ́rìn-ín. Ní apá kejì gbọ̀ngàn náà, ẹbí ọkọ jókòó, bí ogójì ènìyàn, wọ́n ń wo ẹnu wa. Ìyá ọkọ, obìnrin tó wọ fìlà aláwọ̀ òféèfé, na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ sọ ohun tí ọmọ òun ṣe.

Mo la ẹnu. Kí ni n óò sọ? Pé ó pè é ní ìwọ dípò ẹ̀yin? Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi: ó pè é ní you, kò pè é ní you. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú èyí tí ènìyàn fi ń bo ìtìjú ẹlòmíràn. Mo rí i pé ó rò pé a ń fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí wọra, torí ìfẹ́ ni gbogbo ẹ̀rín yẹn, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ni, kò sì rí i gbà.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ yín ti wá sí mi lọ́kàn. Mo sún mọ́ bàbá ìyàwó, mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. Ọlọ́run bá mi ṣe é, bàbá náà lóye. Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó ká apá agbádá sí èjìká, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó wá na ọwọ́ sí ọmọ tó wà nílẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ó sì fi èjìká kan èjìká rẹ̀. Mo tọ́ka sí irun funfun bàbá, mo tọ́ka sí irùngbọ̀n ọmọ tí kò tíì kún. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá onífìlà òféèfé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó na ìka, ó ní háà, wọ́n ti di ẹgbẹ́! Gbogbo gbọ̀ngàn náà wá ń rẹ́rìn-ín papọ̀, apá méjèèjì.

Mo bọ́ nínú ọ̀fìn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Ara nìkan ló yọ mí. Ọ̀rọ̀ kò yọ mí. Faransé ní ìwọ, ó ní ẹ̀yin, bíi tiwa gan-an. Ẹ ti fi ogún ọdún kọ́ àwàdà lé orí irú nǹkan báyìí: ìgbà tí ẹnìkan yẹ kó sọ ẹ̀yin tó sọ ìwọ, ìgbà tí ọ̀rẹ́ ṣàdédé sọ ẹ̀yin nítorí inú ń bí i. Nígbà tí ẹ gbé wọn dé Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ fi rọ́pò wọn? Ẹ ti gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan, torí ní oṣù kejì ọdún 2017 ẹ dúró lórí ìtàgé Carnegie Hall ní New York, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2018, Netflix gbé odindi eré yín ní Gẹ̀ẹ́sì jáde. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rí i pé ẹ sọ jíjẹ́ àlejò nínú èdè náà di ara àwàdà, ohùn yín tó wọ́, ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òye á rí àtúnṣe lára gbólóhùn, bí ènìyàn ṣe ń rí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ tí wọ́n tún rán. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti parí nìyẹn. Èmi ń tọrọ àgékù.

Àwọn Júù tó ṣáájú yín dé Amẹ́ríkà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo mọ̀. Àwọn tó wá láti ìlà oòrùn Yúróòpù gbé èdè Yídíìṣì wọn bọ̀, àwọn ọmọ wọn sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwàdà ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì orí òkè Catskill, títí tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń rẹ́rìn-ín bíi tiwọn láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe lọ: àwọn òbí ló ní Yídíìṣì, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tàbí tí wọ́n dàgbà síbẹ̀ ló ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìran méjì ni. Ẹ̀yin ṣe é nínú ẹnu kan ṣoṣo, ẹ ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ṣe é láàárín ọdún mẹ́ta. Jerry Seinfeld, aláwàdà ọmọ Amẹ́ríkà, tí ohùn yín rọ́pò tirẹ̀ nígbà tí wọ́n yí fíìmù oyin rẹ̀, Bee Movie, sí Faransé, àtinúwá ni Gẹ̀ẹ́sì fún un. Kò sí bó ṣe lè kọ́ wa ní ohun tí mò ń béèrè.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn, àmọ́ lẹ́tà tí mo bá fò ó nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ lẹ́tà òótọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn kan gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n to àwọn àwàdà yín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn aláwàdà Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n ní ẹ jí wọn lò ni. Mo wo fídíò náà. Àwọn ibì kan jọra ju bó ṣe yẹ lọ, inú mi ò dùn. Nínú iṣẹ́ tiwa, orin àti ẹ̀fẹ̀ alága máa ń kiri, ṣùgbọ́n alága tó bá gba ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn á dárúkọ onítọ̀hún tàbí kó fún un lówó. Mi ò kọ̀wé láti dá ẹjọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé tí ẹ bá ṣí ìwé iṣẹ́ yín sílẹ̀, tí ẹ fi hàn ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti wá, àní èyí tí kì í ṣe tiyín, yóò ràn wá lọ́wọ́ ju àwíjàre èyíkéyìí lọ. Ẹ ti fi hàn pé ẹ nígboyà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, ẹ mú bàbá yín, ìyá yín àti arábìnrin yín wọ inú fíìmù, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bá yín jà lójú gbogbo ayé nítorí pé ọkàn yín ń fà sí Màríà Wúńdíá. Ìdílé Júù ti Mòrókò, nínú pálọ̀ ara wọn! Ẹni tó lè ṣe ìyẹn lè fi àgékù aṣọ hàn.

Ẹ má rò pé ìwé ńlá ni mò ń béèrè. Ẹ mú àwàdà mẹ́wàá péré. Tí mẹ́wàá bá pọ̀, ẹ mú mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ ní Faransé níwájú kámẹ́rà, ẹ sọ bó ṣe kú ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ bó ṣe jí. Kò pọn dandan kó ní iná àti òǹwòran. Àwa á túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà ní Kútọnu àti Lomé tí wọ́n ń fi Faransé pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní gbogbo alẹ́ Ẹtì, tí Èkó wà ní ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ sí wọn, tí wọn ò lè kọjá ẹnubodè náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Àwọn ti Èkó náà ń wo apá Kútọnu, ó ń wù wọ́n. Àwọn alága bíi tèmi pọ̀ ní London, ní Houston, ní Dublin, tí ìdajì gbọ̀ngàn wọn kò gbọ́ ohun tí ìdajì kejì ń rẹ́rìn-ín sí. Kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ni ní èyí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n sínú ara rẹ̀, á sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Tí ẹ bá dáhùn, inú mi á dùn. Tí ẹ ò bá tíì ráyè, mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo ní ìdána kan ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọ Kétu ni ìyàwó, ará Lyon ni ẹbí ọkọ, ìyá ọkọ kò sì gbọ́ èdè kankan àfi Faransé. Ọkọ ìyàwó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ìyàwó, lórí fóònù lánàá mo gbọ́ ọ tó sọ “O káàsán”. Mi ò tún un ṣe. Mo ti kọ gbólóhùn tí màá sọ fún ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ní Faransé tí wọ́n fi pákó lọ́rùn kọ́ mi, pẹ̀lú ìwọ ní ibi tí ìwọ wà àti ẹ̀yin ní ibi tí ẹ̀yin wà, ẹ̀yin náà ló sì kẹ́yìn. Mo ti kà á sókè ní ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹfà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
alága ìjókòó kan, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́, ní London.